Bẹ́rìn sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ti jẹ lẹ́ẹ̀mẹta: irú èwo gan-an ni kí n rà?

Ọlọ́kadà_Ganmọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ganmọ̀ ni mò ń gbé, ọ̀nà Ìdọ̀fìan sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo sì ń ná jù. Lọ́jọ́ ọjà, isu ni mo ń kó. Lọ́jọ́ yòókù, èrò. Ọ̀kadà mi jẹ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà, 125, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń pààrọ̀ bẹ́rìn ẹ̀yìn, òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí geere. Kì í ṣe àwọn tó wà nínú họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀) o, èyí tó wà nínú àwo tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) jókòó lé ni mò ń sọ. Àkọ́kọ́ lo oṣù méjì, ìkejì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìkẹta kò tíì pé oṣù kan tó fi tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe ni pé, bí mo bá ti dẹwọ́ iná, màá gbọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn. Bí mo bá tún fún un níná, á dákẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣéènì á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á sì máa dán lápá kan ṣoṣo.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ní kí n lọ ra ti Jàpáànù. Mo rà á, Jàpáànù ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Òun náà ló lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ẹni tó tà á fún mi ní onírin ni mo rà, onírọ́bà ló yẹ kí n rà. Ẹlòmíì ní kí n wá èyí tí wọ́n kọ C3 sí. Orí mi ti dàrú.

Owó ti lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbóná ni mo já sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ṣéènì já kúrò lórí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀gá_Táíwò

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Má tíì ra nǹkan kan. Bẹ́rìn mẹ́ta kì í ṣàdédé kú tẹ̀lé ara wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ọ̀kadà ní Táíwò níbí ní Ìlọrin, orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nọ́ńbà ni. Tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yọ àwo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, fi kẹrosíìnì nu bẹ́rìn náà, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òrùka rẹ̀. Má ka ti páálí. Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tó ní kálípà, irin tí a fi ń wọn nǹkan ní mìlímítà, kí ó bá ọ wọn búṣì, páìpù irin kékeré tó gba inú bẹ́rìn yẹn kọjá. Ìwọ̀n búṣì yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n kọ sára bẹ́rìn lọ, nítorí o ò mọ ẹni tó ti fọwọ́ kan ọ̀kadà yìí ṣáájú rẹ.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà náà rèé, kí o má baà gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹni tó ń tà. 6 tó ṣíwájú ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀, ní ìlà kan ṣoṣo. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe nípọn sí: 0 fúyẹ́, 2 nípọn jù ú, 3 tún nípọn ju 2 lọ. Méjì ìgbẹ̀yìn ni ihò àárín. 00 jẹ́ mìlímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Láti 04 lọ sókè, ìlọ́po márùn-ún ni: 04 jẹ́ 20, 05 jẹ́ 25. Nítorí náà, bí o bá rí 6302, ihò rẹ̀ jẹ́ 15, ìta rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ 42, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, ìwọ̀n yẹn kì í yí.

Tú u, kí o wá sọ ohun tí o bá rí.

Tíṣà_Igbájà

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Bí ẹ bá ti ń tú u, Ọlọ́kadà, ẹ wo rọ́bà inú họ́ọ̀bù náà o, àwọn rọ́bà tí apá àwo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń wọ̀ sáàárín wọn. Gìrìgìrì tí ẹ ní ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ iná, irú rẹ̀ gan-an ni tèmi ń ṣe. Ọdún tó kọjá ni mo ń gun tèmi láti Igbájà lọ sí ilé-ìwé, mo pààrọ̀ bẹ́rìn lásán lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà yẹn, ó ti le bí èkùrọ́, igun rẹ̀ ti jẹ tán. Àwo náà ń gbá irin họ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí mo bá fún un níná tàbí tí mo bá dẹwọ́. Bẹ́rìn ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn.

Ọlọ́kadà_Ganmọ̀

Mo ti tú u. Ẹ wá gbọ́.

Nọ́ńbà tó wà lára bẹ́rìn ni 6204. Mo gbé búṣì náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ní kálípà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 17. Mo ní báwo? Ṣé 04 kọ́ lẹ ní ó jẹ́ 20?

Mo padà sídìí bẹ́rìn náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo rí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká róbótó sínú ihò rẹ̀. Mo fi ìdí ìṣó tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Agolo mílíìkì ni. Ọ̀dà búlúù ara agolo náà ṣì wà lára ìpele tó wà lábẹ́. Mo ká a sílẹ̀, mo kà á: ìpele méje. Ìpele tó kan búṣì ti ya sí mẹ́ta, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Gbogbo ojú búṣì náà ti rí kẹ́líkẹ́lí, eruku pupa bí osùn sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ yí bẹ́rìn náà, ó ń há, ó ń tú, ó ń há.

Rọ́bà tí Tíṣà sọ, méjì nínú mẹ́rin ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n fi páànù yẹn sí i. Níwájú mi ni wọ́n ṣe máa ń pààrọ̀ bẹ́rìn, ṣùgbọ́n mi ò tẹjú mọ́ ọn.

Ọ̀gá_Táíwò

O ti rí i báyìí.

6303 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wo ìdí tó fi rọrùn láti tàn ọ́ jẹ: 6303 àti 6204, ìta wọn bára mu, 47 ni àwọn méjèèjì. Fífẹ̀ wọn náà bára mu, 14. Ihò àárín nìkan ló yàtọ̀, 17 àti 20. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò rí 6303 rà lọ́jọ́ náà, ó rí 6204 tó wọ inú àwo ṣinṣin, ó wá fi agolo dí mìlímítà mẹ́ta tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó tẹ̀ lé e, bẹ́rìn tó jẹ ni wọ́n mú dání lọ sọ́jà, 6204 ni wọ́n sì ń rà bọ̀. Bóyá ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ yọ páànù kúrò lára ti tẹ́lẹ̀, ó sì tún un lò.

Páànù agolo máa ń tẹ̀. Bí o bá ti gbé isu, tí ṣéènì fà, ìpele kan á wọnú ìkejì, àárín bẹ́rìn á sì kúrò ní àárín áàsù, ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí. Ìgbà yẹn ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á máa mì, tí ṣéènì á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí bọ́ọ̀lù bíi méjì tàbí mẹ́ta á máa gbé ẹrù tó yẹ kí gbogbo wọn pín. Eruku pupa yẹn, irin ló ń ha irin láìyọ̀, tó wá dípẹtà. Bí o bá gbé bẹ́rìn tó dára jù lágbàáyé sórí agolo mílíìkì, kò ní pẹ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bọ́ọ̀lù inú 6303 tóbi ju ti 6204 lọ. Ẹni tó ya ọ̀kadà yẹn mọ ìdí tó fi yan onípọn.

Pààrọ̀ búṣì náà. Má fi sáńdípépà ha á kí o tún un lò, yóò kéré sí i.

Ìyá_Páàtì_Omù-Àrán

Ọlọ́kadà, ọmọ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Páàtì ni mò ń tà ní Omù-Àrán, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ènìyàn máa ń wọlé wá bá mi pé "ẹ fún mi ní bẹ́rìn ẹ̀yìn," èmi náà á sì bèèrè pé èwo. Inú a máa bí wọn.

Lórí lẹ́tà ẹ̀yìn nọ́ńbà. ZZ, ìdérí irin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Irin yẹn kò kan òrùka inú, àlàfo tín-ín-rín wà níbẹ̀. Eruku ńlá kò lè wọlé, ṣùgbọ́n omi á wọlé. 2RS, rọ́bà ni, ó sì fara kan òrùka inú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú bí ẹ kò bá rí 2RS lára rẹ̀: nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́rìn, NSK máa ń kọ DDU, NTN máa ń kọ LLU, SKF máa ń kọ 2RS1, onírọ́bà kan náà ni gbogbo wọn. Fún ọ̀nà wa lásìkò òjò, pẹ̀lú bí àwọn ọmọ tó ń fọ ọ̀kadà ṣe máa ń fi ẹ̀rọ fún omi sí àárín ẹsẹ̀, onírọ́bà ni mo máa ń gbé fún ẹni tí mo bá fẹ́ràn.

Lórí ayédèrú. Èmi gan-an ti rà á rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wá fún mi, mo sì padà dá owó àwọn oníbàárà mi padà, nítorí náà mi ò fi í ṣeré. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò nínú páálí lójú oníbàárà. Bí kò bá sí nọ́ńbà lára irin rárá, mi ò gbà á. Bí nọ́ńbà ara irin bá yàtọ̀ sí ti páálí, mi ò gbà á. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá fẹ̀ ní ibì kan tó tín-ín-rín níbòmíì, tàbí tí mo fi àtàǹpàkò nù ún tó ń ṣí, mi ò gbà á. Ẹ má kàn wo orílẹ̀-èdè o. SKF, Swídìn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1907, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń ṣe é lónìí, ojúlówó sì ni. Àwọn SKF náà ní áàpù kan tí ẹ lè gbé sórí fóònù, Authenticate ni wọ́n ń pè é, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò ta bẹ́rìn tòkunbọ̀. Ẹ̀ńjìnnì tòkunbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́rìn, rárá.

Àlùfáà_Sọ́mìlì

Àsàláámù àlékùn o. Mo gbà pẹ̀lú Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì fo C3. Èmi ń gbé èédú láti oko wá sí Sọ́mìlì, C3 nìkan ni mo ń lò, ó sì ń pẹ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ra C3.

Ọ̀gá_Táíwò

Wà àlékùn sàláámù, Àlùfáà. C3 kò sọ bẹ́rìn di alágbára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka ju bó ṣe máa ń wà lọ. Wọ́n ṣe é fún ibi tó ń gbóná, tàbí ibi tí bẹ́rìn á ti wọlé pẹ̀lú agbára gan-an, nítorí irin á wú tàbí á fún, àyè inú á sì dínkù. Inú ẹ̀ńjìnnì, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gbóná. Bí ẹni tó ń tà á bá ní C3 nìkan, kí ọmọ yìí rà á, kò ní pa á lára. Bí ẹni náà bá ní èyí tí kò ní C3, kí ọmọ yìí rà á, kí ó má sì san owó lé e nítorí lẹ́tà kan.

Àlùfáà_Sọ́mìlì

Ọ̀gá, mo gbọ́ ti àwo. Bẹ́rìn inú họ́ọ̀bù lápá ibi tí bíréèkì wà ńkọ́? Bí mo bá gbé àpò èédú mẹ́ta, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, tí mo sì ń tẹ bíréèkì wá, n kò lè fọwọ́ kan họ́ọ̀bù yẹn.

Ọ̀gá_Táíwò

Òótọ́ lẹ sọ. Níbẹ̀ yẹn, mo fara mọ́ C3 yín. Ooru bíréèkì ń dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ_Ọ̀ffà_ní_Jámánì

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ń ka ìjíròrò yín láti Múníìkì, ó sì dùn mọ́ mi nítorí mo ní ọ̀kadà BMW kan tí kò lo ṣéènì. Ọ̀pá ló ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, bí wọ́n ti ń ṣe é láti orí R 32 ti 1923. Nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, eyín kékeré kan ló ń yí eyín ńlá kan, bẹ́rìn sì di ìkọ̀ọ̀kan wọn mú. Mo fẹ́ fi kún un pé bí ẹnì kan bá ní irú rẹ̀ nílé, kò tó kí nọ́ńbà bẹ́rìn bára mu. Àwọn òrùka pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn bí bẹ́rìn ṣe fún tó àti bí eyín ṣe súnmọ́ eyín tó. Bẹ́rìn tuntun lè yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ní ìwọ̀n irun orí lásán, ó sì ti tó láti ba eyín jẹ́. Ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó dé e. Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun: bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú rẹ̀, bẹ́rìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó nìyẹn.

Ọlọ́kadà_Ganmọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Páàtì, mo ti rí 6303 onírọ́bà rà, mo sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ sọ níwájú ẹni tó tà á. Rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búṣì tuntun, àti bẹ́rìn họ́ọ̀bù méjèèjì náà, nítorí ẹsẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá, ṣé mo lè fi òòlù gbá a wọlé fúnra mi?

Ọ̀gá_Táíwò

O lè ṣe é, ṣùgbọ́n fara balẹ̀.

Kọ́kọ́ dán ihò àwo náà wò. Bí bẹ́rìn tuntun bá fi ọwọ́ lásán wọlé, ihò náà ti fẹ̀. Àwọn kan á fi pọ́ǹṣì lu ihò yẹn yípo kí ó lè ní góńgó tó máa di bẹ́rìn mú. Mo bẹ̀ ọ́, má gbà fún wọn. Góńgó yẹn á tẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwo náà á sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ó bá ti fẹ̀, ra àwo mìíràn tàbí kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin róbótó, kí wọ́n fi òrùka irin sí i.

Bí ó bá ṣì fún dáadáa, fi bẹ́rìn sínú fìríìsà mọ́jú. Ní àárọ̀, da omi tó hó sórí àwo, nù ún gbẹ, kí o gbé bẹ́rìn lé e kíákíá. Yóò wọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Bí ó bá ku díẹ̀, gbé bẹ́rìn àtijọ́ lé e lórí kí o máa gbá a jẹ́jẹ́ yípo, òrùka ìta nìkan ni kí agbára máa bọ́ sí. Bí o bá gbá òrùka inú, bọ́ọ̀lù á tẹ ojú ọ̀nà wọn mọ́lẹ̀, o ti pa á kí o tó gùn ún.

Nínú họ́ọ̀bù, páìpù kan wà láàárín bẹ́rìn méjèèjì. Má gbàgbé rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú. Òun ló ń gba agbára nọ́ọ̀tì áàsù nígbà tí o bá fún un. Bí kò bá sí, tàbí tí ó kúrú, òrùka inú bẹ́rìn ni nọ́ọ̀tì á máa fún pọ̀.

Ṣéènì ńkọ́? Ìwọ tó ń gbé isu, ṣéènì tó le ló ń pa bẹ́rìn yìí jù lẹ́yìn páànù agolo. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sórí ọ̀kadà nígbà tí o bá ń wò ó. Ní àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ó lè lọ sókè sódò bíi mìlímítà 25 sí 30. Yí ẹsẹ̀ náà kí o wò ó níbi púpọ̀, kí o fi ibi tó bá le jù ṣe òdiwọ̀n.

Ọlọ́kadà_Ganmọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Fìríìsà ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo lò, bẹ́rìn náà sùn sáàárín ẹja. Mo da omi gbígbóná sórí àwo, mo nù ún, mo gbé bẹ́rìn lé e. Ó ró "kọ́," ó wọlé dé ìdí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá a, n kò sì mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí n gbá a.

Lánàá ni mo tú u láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Kò sí eruku pupa. Mo fi ìka yí bẹ́rìn náà, ó ń lọ wúwo wúwo bí ẹni ń rokà tó ti ki, kò há níbì kankan. Eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ń dán lápá méjèèjì. Àwọn ìyá tó ń gbé isu lọ Àjàṣẹ́ ti tún ń pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá_Páàtì_Omù-Àrán

Àlàhámdùlílàhì! Inú mi dùn. Ọmọ mi, bẹ́rìn họ́ọ̀bù tí ẹ rà, nọ́ńbà wo ni? Ẹnì kan láti Òró dúró níwájú mi báyìí, irú ọ̀kadà yín ló ní, bẹ́ẹ̀ ni kò mú ti àtijọ́ dání.

Ọlọ́kadà_Ganmọ̀

6302 ni tèmi, Ìyá, méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ó padà lọ tú tirẹ̀, kí ó ka ti ara irin, kí ó sì wọn áàsù rẹ̀.

Ìyá_Páàtì_Omù-Àrán

Ó ti ń lọ. Mo yá a ní kálípà mi.